Olùdúró fún Ẹ̀wà Láyíwọlá

Wọn ò tíì da erùpẹ̀ bo Baba Àgbà tán tí àwòdì irin fi dé. Ó gba orí igi ìrá tó wà lẹ́yìn ilé kọjá, ó rọra sọ̀ kalẹ̀, ó sì dúró sójú kan lókè oko ẹ̀wà. Àwọn tó wà létí sàréè gbójú sókè. Oyèdìran tó mú ṣọ́bìrì lọ́wọ́ kò gbójú sókè ní tirẹ̀. Ó ti mọ ohun tó wá ṣe.

"Olùdúró irúgbìn yìí ti kú," ni àwòdì náà wí. Ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tó kọ́ Yorùbá nínú ìwé, tí kò jókòó ti ìyá ẹnikẹ́ni rí. "Ẹ̀wà Láyíwọlá kò ní olùdúró mọ́. Bí Ẹ̀rọ Ajẹ́rìí bá dé Ìgànná lọ́jọ́ Jímọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò dúró fún un, a ó fi oògùn apakoríko fín oko yìí àti gbogbo oko tí wọ́n bá gbìn ín sí. Ẹ kú ìṣẹ́ oko o."

Iṣẹ́ ló fẹ́ sọ, ìṣẹ́ ló bọ́ sí i lẹ́nu. Lọ́jọ́ mìíràn, àwọn ènìyàn ì bá ti rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwòdì yí oko po lẹ́ẹ̀kan, ó sì fò lọ sí ìhà odò Ọ̀fíkì.

Àmọ̀kẹ́, ìyàwó Oyèdìran, tẹ̀ síwájú díẹ̀. Kí wọ́n tó gbé òkú wọ sàréè ló ti bọ́ okùn rọ́bà dúdú tó wà lọ́rùn ọwọ́ Baba Àgbà, ó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Okùn yẹn ló máa ń gbọ́ bí iṣan ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣe ń lù; òun náà ló ti ránṣẹ́ sí àwòdì pé iṣan ti dákẹ́. Àmọ̀kẹ́ wo ọwọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó yí sàréè ká, lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló wọ okùn dúdú. Ẹnì kan ń dúró fún ilá, òmíràn fún ẹ̀gúsí, òmíràn fún ata. Òun fúnra rẹ̀ ń dúró fún ọkà bàbà. Ẹnì kan, irúgbìn kan, títí ọjọ́ ikú: bí òfin ṣe wí nìyẹn. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sí ọrùn ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Oyèdìran tún kó erùpẹ̀ sí ṣọ́bìrì, ó dà á sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ Ẹ̀kúnwọ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ ńlá. Yàrá kan tí wọ́n fi amọ̀ tó nípọn mọ, tó ní ẹ̀rọ amútútù, àwọn ìkòkò tí wọ́n fi ìda dí lẹ́nu, alùpùpù tó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́: ohun tí wọ́n ní kò ju ìyẹn lọ. Ẹni tó bá wá láti abà èyíkéyìí, wọn á bu irúgbìn ẹ̀kúnwọ́ kan fún un. Bí onítọ̀hún bá kórè, òun náà á bu ẹ̀kúnwọ́ fún ẹlòmíràn. Wọn kì í béèrè ohun mìíràn. Irúgbìn tí ilé-iṣẹ́ ń tà kì í hù lẹ́ẹ̀kejì, òjò sì ti di àlejò tí kì í jókòó pẹ́. Ẹ̀wà Láyíwọlá nìkan ló máa ń gbó kí òjò tó dìde lọ.

Láyíwọlá ni ọkọ tí Àmọ̀kẹ́ kọ́kọ́ fẹ́. Àwọn méjèèjì ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Òun ló ń ṣa ẹ̀wà yẹn, tó ń yọ èyí tó dára sọ́tọ̀, tó ń tún un gbìn, títí ó fi di bó ṣe dà. Ọ̀fíkì ló gbé e lọ nígbà tó ń gbé irúgbìn lọ fún àwọn tí omi ká mọ́ òdì kejì. Nígbà tí wọ́n rí i, àpò irúgbìn ṣì wà ní àyà rẹ̀, ó dì í mọ́ra bí ọmọ. Omi ò wọ inú àpò náà.

Báwo ni ọkùnrin kan ṣe fẹ́ bá irú òkú bẹ́ẹ̀ du ipò?

Láti Ṣakí ni Oyèdìran ti wá tún ẹ̀rọ amútútù yàrá irúgbìn ṣe, nígbà tí Láyíwọlá ti lọ tipẹ́, kò sì pa dà sí Ṣakí mọ́. Ó fẹ́ràn Àmọ̀kẹ́, Àmọ̀kẹ́ sì fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí Láyíwọlá kọ́ ló ń sùn sí. Ọkọ́ tó kọ́kọ́ mú lọ sóko, àtàǹpàkò ẹlòmíràn ti jẹ ẹrúkọ́ rẹ̀ wọnú. Ó gbẹ́ ẹrúkọ́ tuntun sí i, síbẹ̀ ọkọ́ Láyíwọlá ni wọ́n ń pè é. Ti oúnjẹ ló wá burú jù. Kò sẹ́ni tó ń pe ẹ̀wà náà ní ẹ̀wà mọ́ ní gbogbo agbègbè yẹn. "Láyíwọlá ti jinná." "Ẹ bu Láyíwọlá díẹ̀ sí i fún mi." "Láyíwọlá àná ti kan." Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yìí nìkan ló máa ń dùn mọ́ Oyèdìran nínú.

Baba Àgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin yìí ló bí Láyíwọlá. Òun ló wọ okùn ẹ̀wà nígbà tí ọmọ rẹ̀ kú. Nígbà tí iyè rẹ̀ wá ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe Oyèdìran ní Láyíwọlá. "Láyíwọlá, fún mi lómi." Àmọ̀kẹ́ bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó ṣáà máa dáhùn. Ó ń dáhùn. Ó ń gbé omi lọ, arúgbó á mu ún, á fọwọ́ pa á lórí, á sì sùn.

Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, Àmọ̀kẹ́ bá a lórí òrùlé yàrá irúgbìn, níbi tó ti ń nu eruku kúrò lára àwọn páálí tó ń gba oòrùn.

"Bàbá Mofẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀." Mofẹ́ ni ọmọbìnrin wọn, tó wà nílé-ìwé ní Ṣakí.

"Mò ń gbọ́ ẹ láti ibí."

"Ẹ ò tíì sọ nǹkan kan láti àná."

"Kí ni kí n sọ?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n. Gbogbo àwa tó kù la ti wọ okùn. Àwọn ará abà, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Bí ẹ̀wà wa bá fi lè dà pọ̀ mọ́ ti ilé-iṣẹ́ pẹ́nrẹ́n, ẹni tó wọ okùn ni wọ́n ń mú lọ. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù."

Oyèdìran sọ̀ kalẹ̀. Ó kọjú sí ẹ̀yìn ilé, ó ní kó máa bọ̀, Àmọ̀kẹ́ sì tẹ̀ lé e dé ibi tó gbin àgbàdo sí, ilẹ̀ kékeré kan tí kò tó ohun tí ẹnikẹ́ni ń dúró wò. Àgbàdo náà kúrú, ó ti gbẹ lórí igi. Ó bó ọ̀kan. Ọmọ inú rẹ̀ pọ́n, ó ní ilà funfun tín-ín-rín.

"Ó ti dúró," ló wí.

"Kí ló dúró?"

"Àgbàdo mi. Kò yí pa dà mọ́. Bó o bá gbìn ín lónìí, irú rẹ̀ gan-an ló máa so. Ajẹ́rìí máa gbà á lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọ̀dá tó pa ọkà bàbà rẹ léèṣí, ó bá a níbí, kò rí nǹkan fi í ṣe."

Àmọ̀kẹ́ wo àgbàdo náà, ó wo ọkọ rẹ̀. "Mo rò pé ẹ kàn fi ń ṣeré ni."

"Ṣeré."

"Mi ò mọ̀, Bàbá Mofẹ́. Ẹ ò sọ fún mi."

"O ò béèrè. Lójoojúmọ́ ni mò ń wá síbí, o ò béèrè rí."

Ó jẹ́ òtítọ́, Àmọ̀kẹ́ kò sì jiyàn. Ó ní, "Ẹ lè gbìn ín, kẹ́ ẹ tún un ṣe bó bá yá. Àmọ́ àwọn tó ń jẹ ẹ̀wà yẹn láti ibí dé òdì kejì Ọ̀fíkì, kí ni wọ́n fẹ́ jẹ?"

"Mo mọ̀ wọ́n. Èmi ni mò ń gbé e lọ fún wọn. Ṣé o ti gbọ́ kí wọ́n kí mi rí? Láyíwọlá ni wọ́n ń kí."

"Ẹni tó ti kú."

"Ẹni tó ti kú náà ni! Ká ní ó wà láàyè ni, mi ò bá bá a jà, kí ọ̀kan nínú wa ṣubú, kí ọ̀rọ̀ tán."

"Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe? Kí n lọ hú u jáde, kí n tún un pa?"

Oyèdìran ju àgbàdo náà sínú apẹ̀rẹ̀. "Bó o bá ń sọ bó ṣe ń ṣa ẹ̀wà yẹn fún àlejò, ẹ̀rín kan máa ń wà lójú rẹ. Mi ò rí ẹ̀rín yẹn lórí ọ̀rọ̀ mi rí."

Ohùn Àmọ̀kẹ́ lọ sílẹ̀. "Òun kò bá mi dàgbà. Ẹ̀yin lẹ̀ ń bá mi dàgbà." Ó yí pa dà, ó wọlé lọ.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tù ú nínú nìyẹn. Ṣùgbọ́n ibi tí Oyèdìran gbà á sí ni pé Láyíwọlá kò ní í darúgbó láéláé, pé eyín òun ló máa yọ, irun òun ló máa funfun, tí ti Láyíwọlá á sì máa dán bí ọjọ́ tó wọ odò.

Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, obìnrin kan fẹsẹ̀ rìn dé láti òdì kejì Ọ̀fíkì. Ó bá Oyèdìran lẹ́nu ọ̀nà yàrá irúgbìn, níbi tó ti ń fi epo sí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn tó ń dún.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ṣé ilé Láyíwọlá nìyí?"

"Ibí náà ni."

"Ẹ̀yin ni wọ́n gbà sí iṣẹ́ ibí?"

Oyèdìran wo agolo epo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo máa ń tún nǹkan ṣe."

Obìnrin náà jókòó sórí òkúta, ó fi gèlè nu ojú. Ó ní àwòdì ti dé ọ̀dọ̀ àwọn náà, ó ti sọ ohun tó sọ. Ó ní ẹ̀wà òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ òdòdó ni, èyí tí àwọn ọmọ òun máa jẹ títí òjò mìíràn. "Wọ́n ní ìyàwó Láyíwọlá ní ọkọ mìíràn. Wọ́n ní ọwọ́ ọkùnrin náà ṣófo, pé ó kàn kọ̀ ni. Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí, irú ọkùnrin wo ni?"

"Kí ni wọ́n ní orúkọ rẹ̀ ń jẹ́?"

"Orúkọ kẹ̀? Mi ò mọ̀. Ọkọ Àmọ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè é."

Oyèdìran wọlé, ó bu omi tútù wá fún un. Ó mu ún tán, ó dúpẹ́ gan-an.

"Ẹ máa pa dà lọ sílé, màmá," ni Oyèdìran wí. "Ẹ má fa ẹ̀wà yín tu. Màá bá a sọ̀rọ̀."

Ibi tó ti ń wo ẹ̀yìn obìnrin náà bó ṣe ń lọ ni ìmọ̀ràn kan ti sọ sí i lọ́kàn. Òun á dúró fún ẹ̀wà náà, ṣùgbọ́n orúkọ òun ni yóò máa jẹ́. Ta ló ń sọ ẹ̀wà lórúkọ bí kò ṣe olùdúró rẹ̀? Ìyàwó rẹ̀ á rí ohun tó ń wá, ẹ̀wà ò ní í kú, Láyíwọlá á sì lọ jókòó síbi tí àwọn òkú yòókù wà. Ó rò ó, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó ń dá sọ̀rọ̀. Ó ń gbọ́ àwọn obìnrin òdì kejì odò tí wọ́n ń pe ara wọn: "Oyèdìran ti jinná o!" "Bu Oyèdìran wá!" Ó sọ fún Àmọ̀kẹ́ pé òun máa lọ sí Ìgànná. Kò sọ ìyókù.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó gun alùpùpù jáde, ẹ̀wà wà nínú àpò aṣọ rẹ̀ lọ́tùn-ún. Àgbàdo wà lósì. Bí ẹni bá bi í pé kí ló mú àgbàdo dání fún, kò ní í mọ ohun tó máa sọ.

Gbọ̀ngàn ìjọba ní Ìgànná kún fọ́fọ́. Ẹ̀rọ Ajẹ́rìí dúró níwájú, ó ga tó ilẹ̀kùn, gíláàsì pẹlẹbẹ kan wà ní ìdí rẹ̀ tí wọ́n ń da irúgbìn lé. Ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ kan jókòó tì í. Nígbà tó kan Oyèdìran, ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Irúgbìn wo ni?"

"Ẹ̀wà. Ẹ̀wà Oyèdìran."

Ó tẹ nǹkan lójú gíláàsì ọwọ́ rẹ̀. "Kò sí irúgbìn tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, sà."

"Láyíwọlá ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo fẹ́ dúró fún un báyìí, mo sì fẹ́ yí orúkọ rẹ̀ pa dà."

"Háà, ẹ ò lè yí i, sà. Irúgbìn tuntun nìkan lẹ lè sọ lórúkọ. Èyí tó bá ti ní orúkọ, orúkọ rẹ̀ náà ni. Ṣé ẹ ní irúgbìn tuntun?"

Kó tó ronú, ọwọ́ rẹ̀ ti wà nínú àpò òsì. Ó da àgbàdo sórí gíláàsì. Iná ẹ̀rọ náà yí po, ó kọjá lórí àgbàdo lẹ́ẹ̀kan, ó tún pa dà. Lẹ́yìn náà ó mọ́lẹ̀ ní àwọ̀ ewé.

"Irúgbìn tuntun," ni Ajẹ́rìí wí, ohùn rẹ̀ sì kún gbogbo gbọ̀ngàn. "Ó ti dúró. Ó dára. Kí ni kí a máa pè é?"

Ẹnì kan lẹ́yìn pàtẹ́wọ́. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti mú irúgbìn tuntun wá sí Ìgànná. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín sí i. "Ẹ kú oríire, sà! Ẹ sọ orúkọ."

Orúkọ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀. Tirẹ̀ ni. Ó ya ẹnu. Ohun tó wá sí i lọ́kàn kì í ṣe Àmọ̀kẹ́, kì í ṣe obìnrin òdì kejì odò pàápàá. Baba Àgbà ló rí, tó na ọwọ́ tó ń gbọ̀n sí ife omi. Òun Oyèdìran ti jẹ́ orúkọ Láyíwọlá rí, kí arúgbó kan lè rí omi mu. Ó dùn ún nígbà náà. Ó ń dùn ún báyìí. Omi náà kò tìtorí ìyẹn má dé ọ̀nà ọ̀fun arúgbó.

"Sọ orúkọ," ni Ajẹ́rìí tún wí.

Oyèdìran gbá àgbàdo rẹ̀ jọ kúrò lórí gíláàsì, ó kó o sápò. Àwọn kan já bọ́ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ṣà wọ́n. Nígbà tó nà ró, ó da ẹ̀wà síbẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ lé e.

Iná kọjá. "Ṣé ẹ̀wà Láyíwọlá ṣì wà láàyè? Fi ẹnu ara rẹ wí i."

Oyèdìran kùn ún sẹ́nu.

"A kò gbọ́. Tún un wí."

"Láyíwọlá wà láàyè."

"A kò gbọ́. Gbé ohùn sókè. Dárúkọ ara rẹ."

Ẹ̀jẹ̀ gùn ún lójú. Gbogbo gbọ̀ngàn ń wò ó. Ó wá fi gbogbo èémí tó wà nínú rẹ̀ kígbe:

"Láyíwọlá wà láàyè! Èmi Oyèdìran ni mo gbé e dúró!"

"A ti gbọ́," ni Ajẹ́rìí wí.

Bàbá kan tó jókòó sẹ́yìn dá a lóhùn pé, "Yóò sì máa wà láàyè." Oyèdìran kò wẹ̀yìn. Ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ de okùn dúdú mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́. Wọ́n ti kọ orúkọ Láyíwọlá sára rẹ̀ ní lẹ́tà kéékèèké, títí ọjọ́ ikú.

"Ti àgbàdo yẹn ńkọ́, sà?" ni ọmọbìnrin náà béèrè. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ajẹ́rìí ti rí i báyìí, kò sì ní olùdúró. Ẹ lè jẹ ẹ́ o. Ẹ ò kàn lè gbìn ín mọ́."

Nígbà tó délé, Àmọ̀kẹ́ rí okùn náà. Kò dúpẹ́, kò kúnlẹ̀. Ó wọlé lọ gbé apẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ lọ sẹ́yìn ilé láti ya àgbàdo náà tán, kí àwòdì tó wá wò ó. Wọ́n ya á, wọ́n bó o, wọ́n yọ ọmọ rẹ̀ lára ṣùkù. Èyí tó bá ta nù, Àmọ̀kẹ́ á wá a nínú koríko títí á fi rí i. Bí ẹyọ kan bá hù níbẹ̀, ẹgbẹ́ ni wọ́n máa mú. Oyèdìran ń wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń ṣa ọmọ àgbàdo nínú eruku.

Ẹ̀gbo ni Àmọ̀kẹ́ fi sè. Ó gún un, ó fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, ó gbé e kaná láti ọ̀sán títí oòrùn fi rọlẹ̀. Nígbà tó rọ̀, ó bù ú sínú abọ́ ńlá kan, ó sì na ọwọ́ sí ìkòkò kejì, nítorí ẹ̀gbo àti ẹ̀wà ni gbogbo ènìyàn ń jẹ pọ̀.

"Má fi Láyíwọlá sí i," ni Oyèdìran wí.

Ọwọ́ Àmọ̀kẹ́ dúró lókè ìkòkò. Ó wo ọkọ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó fi ọmọrí dé ìkòkò náà pa dà. Ó fi epo pupa àti iyọ̀ sí ẹ̀gbo, ó jókòó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

"Kí lẹ fẹ́ máa pè é?" ni Àmọ̀kẹ́ béèrè.

"Kò débi orúkọ."

Àmọ̀kẹ́ jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó fara balẹ̀. "Ó dùn," ló wí.

Oyèdìran wo ojú rẹ̀ dáadáa, bóyá ó ń purọ́. Kò rí i dá mọ̀. Nígbà tí èyí tó wà níwájú Àmọ̀kẹ́ tán, ó na ọwọ́ sí abọ́ ńlá, ó tún bu òmíràn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rọ̀ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, Oyèdìran kò wo ojú rẹ̀ mọ́. Ó tẹrí ba, ó ń jẹ tirẹ̀.